Kí Dókítà Tó Dé: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará wa sọ l'Óṣogbo lórí oògùn tó ń dá èémí padà

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ti gáréèjì wá, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ́jà torí ìpàdé yìí, ẹ kú ìjókòó, Olúwa á san ẹ̀san rere fún yín. (Mo kọ ọ́ sílẹ̀ síbí bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, torí àwọn tí ò ráàyè wá ò jẹ́ kí n sinmi, ibi tí mo ti ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta nìkan ni mo gé kúrò.)

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí oògùn olóró. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ìwàásù lórí ẹ̀ títí etí yín fi kún, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, lórí rédíò, nílé ìwé àwọn ọmọ. Mi ò wá wàásù. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bá wá, tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù ẹ má gbàgbé èyí: tí èèyàn bá lo tramól tàbí kódíìnì débi tí kò mí dáadáa mọ́, oògùn kan wà tó lè dá èémí yẹn padà láàárín ìṣẹ́jú 2 sí 3, naloxone lorúkọ ẹ̀, mo sì fẹ́ kí oògùn yìí jáde kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọsibítù kó wá sí ibi tí èèyàn ti ń ṣubú gan-an.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó gbé mi dìde sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ó ti tó bí ọdún mẹ́rin báyìí, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá, wọ́n kanlẹ̀kùn mi, "Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ bá wa wá wo ọmọkùnrin kan, ó ń hanrun ṣùgbọ́n kò jí." Ẹ̀yìn Ọlá-Ìyá lọ́hùn-ún ni, kò jìnnà sílé mi. Ọmọ yẹn ń bá wọn ṣe búlọ́ọ̀kù, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló máa ń bá mi gbé omi wọlé tí kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yìn máa ń dùn ún torí iṣẹ́ yẹn, tramól ló fi ń gbé e, tẹ́lẹ̀ ọ̀kan, nígbà tó yá méjì, lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí wọ́n gbowó iṣẹ́, wọ́n lọ ṣe fàájì, ó mu kódíìnì lé e, ó mu sẹ́pẹ́ lé ìyẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ rò pé oorun ló gbé e lọ, bí ó ṣe ń hanrun wọ́n tiẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún bíi wákàtí kan. Ìgbà tí ìhanrun yẹn wá ń já, tó dà bíi pé omi dúró sí i lọ́nà ọ̀fun, ìgbà yẹn lẹ̀rù tó bà wọ́n. Wọ́n da epo pupa sí i lẹ́nu, wọ́n da mílíìkì odindi agolo lé e, wọ́n bu omi tútù sí i lórí, ẹnìkan ń gbá a létí.

Nígbà tí mo débẹ̀ èékánná ẹ̀ ti rí bí eérú, ètè ẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ojú ẹ̀ wò, ọmọlójú ẹ̀ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Mo mọ ohun tó ń ṣe é, mo sì mọ oògùn ẹ̀, mo ti gún un fún èèyàn níbi iṣẹ́ rí mo sì rí i tí wọ́n lajú. Ṣùgbọ́n kò sí nínú báàgì mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí inú ọsibítù ló máa ń wà, kì í bá nọ́ọ̀sì wálé. Mò ń fẹ́ èémí sí i lẹ́nu títí wọ́n fi rí ọ̀kadà, wọ́n gbé e sáàárín èèyàn méjì, kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ máa fún un léèémí lórí ọ̀kadà. Ọsibítù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ná torí ọ̀rọ̀ oògùn olóró ni. Kí wọ́n tó dé ìkejì, ó ti bọ́. Ọmọ ọdún 24. Nígbà tí mo lọ kí ìyá ẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní "Nọ́ọ̀sì, ṣé kò wá sí oògùn tí ì bá gbà á ni?" Mi ò lè parọ́ fún un. Mo ní, ó wà, mà.

Ọdẹ tó bá ń wọ igbó lóru, ibo ni oògùn oró ejò máa ń wà? Inú àpò ẹ̀ ni. Kò ní fi í kọ́ sára ògiri nílé kó wá sọ pé tí ejò bá ṣán òun òun á rìn padà lọ mú un. Àwa la wá gbé ẹ̀rọ̀ oró tramól kọ́ sára ògiri ọsibítù.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń pa èèyàn, torí ẹni tí kò mọ bó ṣe ń pa èèyàn náà ló ń da epo pupa sí èèyàn lẹ́nu. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tó ń pàṣẹ fún àyà wa pé kó máa mí, bóyá a sùn ni o, bóyá a jí. Tramól, kódíìnì, mọfíìnì, pentazocine tí wọ́n ń gún fún ìrora, hẹ́róìnì, àti fentanyl tó ń pa wọ́n bí ẹran ní Amẹ́ríkà, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, ìdílé opioid. Wọ́n ní ìjókòó tiwọn nínú ọpọlọ, bí wọ́n bá ti jókòó síbẹ̀ ìrora á lọ, ara á balẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pọ̀ jù, ibi tó ń pàṣẹ èémí yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí tòògbé. Èèyàn á mí lẹ́ẹ̀kan, á dúró, á tún mí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà, á wá dákẹ́. Kì í ṣe pé májèlé wà nínú ikùn ẹ̀ tí epo fẹ́ lọ bá a fọ̀, ọpọlọ ló gbàgbé àtimí. Epo àti mílíìkì tí wọ́n dà sẹ́nu ẹni tí kò mọ ibi tó wà, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, ṣe ni wọ́n tún ń fi pa á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ yé dà á.

Ní ti naloxone, ẹ fojú inú wo kórópe tó ń lọ Òkè-Fìà, tí èrò ti kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Naloxone wọlé, agbára ẹ̀ ju tàwọn tó jókòó lọ, ó gbá wọn dìde, ó jókòó sáyè wọn, ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ kì í ṣe nǹkankan níbẹ̀, kì í pa èèyàn bí ọtí, kì í di bárakú, ó kàn jókòó ni kí àwọn tọ̀hún má ráyè. Ọpọlọ á rántí àtimí. Tẹ́ ẹ bá sì fún ẹni tí kò lo opioid kankan, kò ní ṣe é ní nǹkankan, ìdí nìyí tí ẹni tí kì í ṣe dókítà fi lè lò ó láìbẹ̀rù. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí o: naloxone kì í pẹ́ nínú ọkọ̀, láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 90 ó ti máa sọ̀kalẹ̀, àwọn tó lé dìde yẹn ò tíì lọ ilé, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n dúró sí, wọ́n lè padà wọlé. Torí ẹ̀ ni ẹni tó jí ò fi gbọ́dọ̀ dìde kó máa lọ, kó sì má tún lo òmíràn, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ jókòó tì í.

Oògùn yìí kì í ṣe tuntun rárá. Ní 1961 ni Jack Fishman àti Mozes Lewenstein, àwọn tó ṣe é, béèrè fún ìwé àṣẹ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní 1971 ìjọba wọn fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lò ó. Láti ìgbà yẹn títí di nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn ẹ̀, ọwọ́ dókítà àti àwọn tó ń wa áḿbúláǹsì ló wà. Ní 1996 ni àwọn ẹgbẹ́ kan ní Chicago, Chicago Recovery Alliance, bẹ̀rẹ̀ sí í pín in fún àwọn tó ń lo oògùn fúnra wọn, torí wọ́n wò ó pé ta ló máa ń wà nítòsí nígbà tí èèyàn bá ṣubú? Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni ti Fishman fúnra ẹ̀. Ní 2003, ọmọ tí ìyàwó ẹ̀ bí wá sílé ẹ̀ kú, hẹ́róìnì ló pa á. Bàbá tó ṣe ẹ̀rọ̀ oró yẹn o! Ìgbà tí mo kà á, mo gbé ìwé yẹn sílẹ̀, mi ò lè kà á lọ. Kí oògùn wà láyé ò tó, kó wà nítòsí ni nǹkan.

Ní 2014 àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde pé gbogbo ẹni tó ṣeé ṣe kó wà níbi tí irú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ọ̀rẹ́, ìyá, ọlọ́pàá, ẹni yòówù kó jẹ́, kí wọ́n ní naloxone lọ́wọ́ kí wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọsirélíà ń fún àwọn ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2022. Ní oṣù kẹta 2023, Amẹ́ríkà ní kí wọ́n máa ta èyí tí wọ́n ń fín sí imú láìsí ìwé dókítà, bí wọ́n ṣe ń ta panadol.

Níbí ńkọ́? Níbí, abẹ́rẹ́ ni a mọ̀ ọ́n sí, ọsibítù la sì ti ń bá a pàdé. Bẹ́ẹ̀ ìwádìí tí National Bureau of Statistics àti UNODC, ọ́fíìsì àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, ṣe lórí Nàìjíríà, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2019, fi hàn pé èèyàn mílíọ̀nù 4.6 ló lo opioid láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún wọn láàárín ọdún kan, tramól àti kódíìnì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Agbègbè wa, apá ìwọ̀ oòrùn gúúsù, ló sì léwájú gbogbo Nàìjíríà nínú lílo oògùn olóró lápapọ̀. Ìjọba ti fòfin de síróòbù oníkódíìnì láti 2018, ó dáa bẹ́ẹ̀, inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n òfin ò lè jí ẹni tó ti dùbúlẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má sì rò pé àwọn ọmọ ìta nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni tó ń gbé ẹrù lọ́jà ń lò ó kí ẹ̀yìn má dun òun, awakọ̀ tó ń ná Èkó lóru ń lò ó, ẹni tó ń ro oko ń lò ó. Mo mọ ìyá àgbà kan tí wọ́n kọ tramól fún torí orúnkún, tó gbàgbé pé òun ti lò ó láàárọ̀ tó tún lò ó lọ́sàn-án tó tún lò ó lálẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè rí i lábẹ́ ìrọ̀rí bàbá àgbà kó rò pé súìtì ni. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ ìrora, àwọn náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ká jẹ́ kí wọ́n kú torí ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi fà á, kó kọ́kọ́ lọ wo abẹ́ ìrọ̀rí ilé ẹ̀ ná.

Bàbá kan níwájú níbí ti na ọwọ́ látẹ̀ẹ̀kan, wọ́n ní "Nọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀rọ̀ lé wọn lọ́wọ́, ṣé wọn ò ní máa mu ú sí i ni?" Bàbá, ẹ ṣeun, ìbéèrè gidi ni. Àwọn kan yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ìlú 19 ni wọ́n wò láti 2002 sí 2009. Ibi tí wọ́n ti kọ́ èèyàn púpọ̀ tí wọ́n sì fún wọn ní naloxone, ikú látara irú oògùn yìí fi nǹkan bí ìdá 46 nínú 100 kéré sí tibi tí wọn ò ti fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú èmi náà rí. Ẹni tí naloxone bá jí kì í jí sínú adùn, ara á máa ro ó, á máa bì, òtútù á máa mú un, inú á bí i sí ẹ tó gbà á là, ó tiẹ̀ lè fẹ́ bá ẹ jà, kò sẹ́ni tó máa torí àtijẹ irú ìyà yẹn lọ mu tramól. Ilé epo tó wà ní Gbọ̀ǹgán Road, wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń paná, ìyẹn ò ní kí ẹnikẹ́ni máa ṣáná síbẹ̀. Àti pé bàbá mi, ọmọ tó bá wà láàyè lèèyàn ń bá wí. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n jáwọ́, mo fẹ́ ẹ gan-an, ṣùgbọ́n òkú kì í jáwọ́.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Èyí ló ń pa wọ́n jù lójú tèmi, ju tramól fúnra ẹ̀ lọ. Ọmọ á ṣubú, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á sá, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá gbé e débẹ̀ ni wọ́n máa mú. Ṣé ẹ rántí bó ṣe rí pẹ̀lú ẹni tí ìbọn bá bà? Ọsibítù á ní ẹ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá, ẹ̀jẹ̀ á sì ti dà tán. Ní 2017 wọ́n ṣe òfin ní Nàìjíríà pé ọsibítù gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o. A lè ṣe irú ẹ̀ fún èyí náà. Ní Amẹ́ríkà ìpínlẹ̀ New Mexico ló kọ́kọ́ ṣòfin ní 2007 tó dáàbò bo ẹni tó pe ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí oògùn fẹ́ pa, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn ló ti tẹ̀lé e. Ẹ̀yin aṣòfin wa tó bá wà níbí, tàbí ẹni tó bá mọ̀ wọ́n, ẹ bá wa gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má jẹ́ kó kú síbí.

Ohun tí mo sì ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ ìjọba ò pọ̀: kí èyí tí wọ́n ń fín sí imú wọlé sí Nàìjíríà kó má sì wọ́n jù, kí ilé ìtajà oògùn lè tà á láìsí wàhálà ìwé, kí wọ́n gbé e sí gáréèjì, sí hòsítẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ yunifásítì l'Ókè-Baálẹ̀, sí hòtẹ́ẹ̀lì, sọ́wọ́ àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, sí ibi tí èrò ti ń pọ̀ nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ. Ìlú Ọ̀ṣun la wà kẹ̀, nínú oríkì ẹ̀ náà la ti ń gbọ́ ohun tí ìyá ń fi tọ́jú ọmọ kí dókítà tó dé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa kọ́ ọmọ Òròkí pé ohun kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ìyá nílé.

Kí n má gbàgbé, naloxone ò ran gbogbo nǹkan o. Kò ran igbó, kò ran Colorado, igbó àtọwọ́dá yẹn, kò ran refnol tó jẹ́ oògùn oorun, kò ran ọtí, kò ran ice, ìyẹn mẹ́tì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kì í lo nǹkan kan ṣoṣo, wọ́n ń pò ó pọ̀ ni, omi gọ́tà tí wọ́n ń pè yẹn, kódíìnì, tramól, refnol, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, torí náà tí ẹ ò bá mọ ohun tó lò tí kò sì mí dáadáa, ẹ fún un, kò ní pa á lára. Tramól tún máa ń fa gìrì, naloxone ò lè dá gìrì dúró, ìyẹn ọsibítù ni kíá.

Tí ẹ bá bá èèyàn nílẹ̀ báyìí, ẹ pè é lórúkọ, ẹ fi kókó ọwọ́ yín ra egungun àárín àyà ẹ̀ gidi, ẹni tó sùn lásán á dìde bínú sí yín. Tí kò bá jí, tó ń hanrun bí ẹni tí omi há lọ́fun tàbí tó ń mí ní ìdákúrekú, ẹ wo ètè àti èékánná bóyá wọ́n ti rí bí eérú, fún àwa aláwọ̀ dúdú ìta ara lè má fi hàn, inú ètè lẹ máa wò. Kí ẹnìkan pe 112 kó sì máa wá mọ́tò. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè, ẹ yọ ohun tó wà lẹ́nu ẹ̀, ẹ dí imú ẹ̀, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, ẹyọ kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ rí i pé àyà ẹ̀ ń gbéra. Ọpọlọ tí atẹ́gùn ò dé mọ́ á ti máa bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kò tó àkókò tẹ́ ẹ máa fi kúrò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun dé ọsibítù kankan, torí náà èémí tiyín ló máa gbé e débẹ̀. Tí naloxone bá wà, ẹ fín in sí ihò imú kan, ẹ ti ìdí ẹ̀ wọlé pátápátá, tàbí kí ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ gún un sí itan. Ẹ máa fẹ́ èémí lọ. Tó bá di ìṣẹ́jú 3 tí kò tíì mí, ẹ tún fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má gbé e sínú omi, ẹ má fún un ní kọfí, ẹ má fi í sílẹ̀ kó sùn ún tán.

Ìyá kan sọ fún mi kí n tó gun orí pèpéle yìí pé ọmọ òun ń lò ó, òun mọ̀, òun ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, òun kàn máa ń dìde lóru lọ tẹ́tí sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀ bóyá ó ń mí. Mà, mi ò ní nawọ́ sí yín, àmọ́ torí yín ni mo ṣe fẹ́ ká ṣe èyí tó kù yìí pọ̀. Ẹni kan kó jáde wá dùbúlẹ̀ sórí ẹní yìí. Ìwọ, oníjaketi aláwọ̀ ewé yẹn, máa bọ̀, bọ́ bàtà ẹ. Ẹ gbé àga yín súnmọ́ bí, ẹ̀yin ìyá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. A máa dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ọwọ́ ẹ̀ kan á wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, orúnkún tòkè á ká sí iwájú kó má baà yí dojú bolẹ̀, kí èébì lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ wò ó dáadáa. Ó yá, mà, ẹ̀yin lẹ kàn.